Nígbà tí tẹlifíṣọ̀n Màmá kò rí ìkànnì kankan mọ́

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àbámẹ́ta kan, lẹ́yìn tí òjò ti rọ̀ tí ó sì ti dá, Màmá mi pè mí láti Ìkìjà, ní Abẹ́òkúta. Ohùn wọn kò dùn rárá. Wọ́n ní, “Àkànbí, tẹlifíṣọ̀n yìí ò rí ìkànnì kankan mọ́ o. Dàmọ́lá ti wá a títí, òdo ló ń kọ.” Ìdí-Àbà ni mò ń gbé, n kò sì fẹ́ jáde mọ́ ní ọjọ́ náà, ṣùgbọ́n mo mọ ohun tí tẹlifíṣọ̀n yẹn jẹ́ fún wọn. Wọn kì í san owó oṣù fún dékódà kankan. Áńtẹ́nà orí òpó ni wọ́n ń lò láti ìgbà ayé Bàbá wa, ohun tí wọ́n sì ń wò kò ju ìròyìn ní èdè Yorùbá, ètò ẹ̀sìn àárọ̀ àti ìkéde òkú lọ. Ìkéde òkú yìí ni wọn kì í fi ṣeré, nítorí pé ẹni tí kò bá gbọ́ ọ, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti máa ń wí, ọrùn àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ni yóò ti máa rí aṣọ ẹbí.

Nǹkan bí aago méje ni mo débẹ̀. Lójú tẹlifíṣọ̀n pẹrẹsẹ tí ẹ̀gbọ́n mi rà fún wọn, àkọlé “No Signal” ń rìn láti igun kan dé èkejì bí ẹni tí kò mọ ilé. Dàmọ́lá, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi yìí kan náà, jókòó tì í pẹ̀lú rìmóòtù lọ́wọ́, ó sì ní òun ti tẹ “Auto Search” ní ẹ̀ẹ̀mẹrin. Mo bi í pé kí ó tó tẹ ti àkọ́kọ́, ṣé àwọn ìkànnì ṣì wà nínú ẹ̀rọ náà? Ó ní wọ́n wà, àmọ́ wọn kò mọ́, wọ́n ń ṣe hóró-hóró, ohùn wọn sì ń lọ ń bọ̀, ìdí nìyẹn tí òun fi ní kí òun tún wọn wá. Mo mí kanlẹ̀. Ìṣòro kan ló wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀, a sì ti fi ọwọ́ ara wa dá èkejì lé e lórí.

Ó yẹ kí n ṣàlàyé èyí dáadáa, nítorí pé òun ló ń sọ ohun kékeré di ńlá ní ọ̀pọ̀ ilé. Àwọn tẹlifíṣọ̀n àtijọ́ kò ní ìrántí. Nígbà tí ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Ìbàdàn ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹwàá ọdún 1959, àti fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn rẹ̀, ọwọ́ ni a fi ń yí ìkànnì. Bí àwòrán bá bàjẹ́ lónìí, ojú ibi tí a yí i sí ni yóò ṣì wà lọ́la, nígbà tí ó bá sì dára, yóò padà wá fúnra rẹ̀. Tẹlifíṣọ̀n òde òní kò rí bẹ́ẹ̀. Ó ń kọ orúkọ àwọn ìkànnì tí ó bá rí sínú ìrántí rẹ̀, orúkọ wọ̀nyẹn nìkan ni yóò sì máa fi hàn wá. Nígbà tí a bá tẹ “Auto Search”, ohun àkọ́kọ́ tí ọ̀pọ̀ nínú wọn ń ṣe ni pé wọ́n á nu gbogbo ohun tí wọ́n ti kọ tẹ́lẹ̀ kúrò, kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í wá tuntun. Bí ìgbì tí ń wọlé ní ìṣẹ́jú yẹn kò bá lágbára, kò ní rí ohunkóhun kọ, ti àtijọ́ sì ti lọ. Nítorí náà, ẹni tí ìkànnì rẹ̀ ń ṣe hóró-hóró ṣì ní nǹkan lọ́wọ́. Kò gbọdọ̀ tẹ bọ́tìnnì yẹn títí yóò fi mọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀.

Ṣùgbọ́n kí n má ṣe bí ẹni pé èmi nìkan ni ọlọ́gbọ́n ní alẹ́ ọjọ́ náà. Ohun tí èmi fúnra mi kọ́kọ́ ṣe ni pé mo jáde lọ sí ẹ̀yìnkùlé, mo sì di òpó áńtẹ́nà mú. Páìpù irin gígùn ni, ó dúró ti ògiri, a sì lè yí i láti ìsàlẹ̀ láìgun òrùlé. Gbogbo ọmọ tí a bí sí ilé yẹn ló mọ iṣẹ́ náà: ẹnìkan á máa yí òpó, ẹnìkan á dúró ní yàrá, ẹni tó wà lójú fèrèsé á sì máa pariwo pé “ó ti ń bọ̀, ó ti ń bọ̀, ó tún ti lọ, dá a padà!” Mo yí i síhìn-ín, mo yí i sọ́hùn-ún, Dàmọ́lá ń pariwo pé kò sí nǹkan kan. Báwo ni nǹkan kan yóò ṣe wà? Ẹ̀rọ tí kò ní ìkànnì kankan nínú ìrántí rẹ̀ kò lè fi àwòrán hàn, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé abẹ́ òpó ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n gan-an ni a gbé e sí. Ìgbà tí ó rẹ̀ mí ni mo rántí pé n kò fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí ibi tí òpó náà kọjú sí tẹ́lẹ̀. Ìṣòro ti di mẹ́ta.

Ọ̀rọ̀ ìkọjúsí yìí kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré fún àwa tí à ń gbé abẹ́ òkúta. Ìgbì tẹlifíṣọ̀n, pàápàá ti àwọn ìkànnì òkè tí wọ́n ń pè ní UHF, ń rìn tààrà bí ìmọ́lẹ̀ ni, ibi tí òkúta tàbí òkè bá sì ti dínà fún un, òjìji rẹ̀ yóò wà lẹ́yìn. Ilé kan lórí òkè lè rí ìkànnì mẹ́wàá kí ilé tó wà nísàlẹ̀, tí wọ́n jọ ń gbọ́ ohùn ara wọn, má rí ju méjì lọ. Ìgbì a tún máa kọlu ara òkúta kí ó sì ta padà, tí a ó fi rí ẹni tí ń ka ìròyìn pẹ̀lú ìkejì rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́, bí ìbejì. Ìdí nìyẹn tí Bàbá wa fi lo odidi ọjọ́ Àìkú kan láti wá ojú ibi tí áńtẹ́nà yẹn yóò kọ sí, tí èmi sì fi ìṣẹ́jú márùn-ún bà á jẹ́.

Mo padà wọlé, mo jókòó, mo ní kí a bẹ̀rẹ̀ láti orí ohun tí kò gba agbára. Mo ní kí Dàmọ́lá lọ bá mi kí Ìyá Sùkúrá ní ilé kejì, kí ó sì wò bóyá tẹlifíṣọ̀n tiwọn ń ṣiṣẹ́. Ó dé, ó ní wọ́n ń wo ìròyìn, ó mọ́ kedere. Ìbéèrè yìí ló yẹ kí ó ṣáájú ohun gbogbo, nítorí pé ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n pẹ̀lú máa ń dákẹ́, yálà iná ni kò sí tàbí ẹ̀rọ wọn ló bàjẹ́, a kò sì lè wá ohun tí kò sí lójú ọ̀run. Nígbà tí a ti mọ̀ pé ti ilé kejì ń ṣiṣẹ́, a mọ̀ pé inú ilé wa ni ọ̀rọ̀ wà.

Mo gba rìmóòtù, mo wọ inú àtòjọ ètò ẹ̀rọ náà. Níbi tí ó ti ń béèrè irú ọ̀nà tí ìgbì ń gbà wọlé, Dàmọ́lá ti mú “Cable” dípò “Antenna”. Ohun tí ẹ̀rọ náà ń pè ní “Cable” ni wáyà tí wọ́n ń fà láti ilé iṣẹ́ wọ ilé oníbàárà ní àwọn ìlú òkèèrè, kì í ṣe wáyà dúdú tó ti orí òpó bọ̀. Ọmọ náà rí wáyà lóòótọ́, ó sì mú ohun tí ń jẹ́ wáyà, n kò lè bá a jà. Ṣùgbọ́n bí ó bá wà lórí ìyẹn, ẹ̀rọ náà á máa wá irú ìgbì mìíràn ni, òdo ni yóò sì máa kọ títí ilẹ̀ yóò fi mọ́. Mo dá a padà sí “Antenna”. Mo tún wo ibi tí ó kọ orílẹ̀-èdè sí, nítorí pé àlàfo láàárín ìkànnì kan àti òmíràn kò dọ́gba káàkiri ayé. Àwọn ti Amẹ́ríkà fi àlàfo mẹ́gáhátìsì 6, tí í ṣe òṣùwọ̀n ìgbì, sáàárín wọn, níbi tí tiwa jẹ́ 7 fún àwọn ìkànnì ìsàlẹ̀ àti 8 fún ti òkè. Ẹ̀rọ tí ó bá rò pé Amẹ́ríkà ni òun wà á máa tẹ ẹsẹ̀ sí ibi tí kò sí àkàsọ̀. Tiwa wà ní Nàìjíríà, ọpẹ́ ni.

Lẹ́yìn èyí ni mo fi “Auto Search” sílẹ̀, mo lọ sí ibi tí wọ́n ti ń fi ọwọ́ wá ìkànnì níkọ̀ọ̀kan. Ibẹ̀ dára ju ìyókù lọ fún ẹni tí ń wá ìdí ọ̀ràn, nítorí pé kì í bo ojú ẹ̀rọ, ohun tí ń wọlé gan-an ni yóò fi hàn, ìbáà ṣe hóró lásán. Kò sí nǹkan kan. Hóró náà dúdú, ó tínrín, bí ẹni pé a kò ki wáyà kankan bọ̀ ọ́.

Ní ibi yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti máa ń gbé tẹlifíṣọ̀n lọ fún oníṣẹ́. Mo ti rí i rí. Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, oníṣẹ́ kan tí n kò ní dárúkọ rẹ̀ sọ fún mi pé inú tẹlifíṣọ̀n tèmi ti jóná, ó sì gba owó pátákó tuntun lọ́wọ́ mi. Nígbà tí mo gbé e délé, kò rí ìkànnì síbẹ̀, nítorí pé eku ló jẹ wáyà mi láàárín àjà. Láti ọjọ́ náà ni mo ti kọ́ bí a ṣe ń dán tẹlifíṣọ̀n wò kí a tó sọ pé ó kú. Mo yọ jáàkì áńtẹ́nà kúrò lẹ́yìn rẹ̀, mo mú wáyà lásán kan tó gùn tó ìgbọ̀nwọ́ kan àbọ̀, mo họ ẹnu rẹ̀ kan, mo sì ki í bọ àárín ihò náà. Gígùn yẹn kò ṣàdéédéé wá. Ìgbì àwọn ìkànnì 5 sí 12, tí ó wà láàárín mẹ́gáhátìsì 174 sí 230, gùn tó bẹ́ẹ̀ tí ìdajì rẹ̀ fi sún mọ́ sẹ̀ǹtímítà 75, irin tó gùn tó ìdajì ìgbì ló sì ń gbà á dáadáa. Òun náà ló fà á tí irin ara áńtẹ́nà kan fi gùn bí apá, tí ti òmíràn kò sì ju àtẹ́lẹwọ́ méjì lọ, nítorí pé ìgbì àwọn ti òkè, láti 21 lọ, kúrú púpọ̀.

Mo na wáyà náà sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé. Ojú ẹ̀rọ funfun díẹ̀, ohùn obìnrin kan sì jáde láti inú ariwo, ó ń ka orúkọ àwọn ọmọ olóògbé. Màmá gbé orí sókè lórí àga wọn. Wọ́n ní, “Ta ló kú?” A kò gbọ́ orúkọ náà títí ohùn fi tún wọlé lọ, ṣùgbọ́n mo ti mọ ohun tí mo fẹ́ mọ̀: tẹlifíṣọ̀n wa kò ṣe nǹkan kan. Láti ẹ̀yìn rẹ̀ dé orí òpó ni kí a wá.

Mo wá gbé jáàkì náà wá sábẹ́ iná. Wáyà áńtẹ́nà dà bí ìrèké tí a bó. Roba dúdú wà níta, lábẹ́ rẹ̀ ni okùn irin tín-ín-tín-ín tí wọ́n hun bí àwọ̀n, lẹ́yìn náà roba funfun, bàbà kan ṣoṣo sì wà láàárín pátápátá. Bàbà àárín yìí ló gbé ìgbì dání, àwọ̀n irin ìta ló ń dáàbò bò ó, àwọn méjèèjì kò sì gbọdọ̀ fara kan ara wọn. Nígbà tí Dàmọ́lá ń fà á yọ, tí ó ń kì í bọ̀, ọ̀kan nínú okùn àwọ̀n náà ti já, ó sì tẹ̀ kọjá roba funfun lọ fara kan bàbà. Kò nípọn ju irun orí lọ. Mo ní kí wọ́n fún mi ní abẹ, mo gé ẹnu wáyà náà dànù, mo bó o tuntun, mo ká àwọ̀n rẹ̀ sẹ́yìn, mo sì dè é padà sínú jáàkì. Bí ẹnu bàbà bá ti dógùn-ún tí ó sì ti di aláwọ̀ ewé, gígé ni kí ẹ gé e dé ibi tí ó ti ń dán, fífi ọ̀bẹ họ ọ́ kì í tó.

A tún fi ọwọ́ wá ìkànnì. Hóró náà pọ̀ sí i díẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí àwòrán.

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọwọ́ tọ wáyà náà láti ẹ̀yìn tẹlifíṣọ̀n, mo gba abẹ́ tábìlì, mo gba ẹ̀yìn kọ́bọ́ọ̀dù tí wọ́n kó àwo sí, títí ọwọ́ mi fi kan àpótí kékeré kan tí mo ti gbàgbé pé ó wà níbẹ̀. Lórí òpó wa, búsítà kan wà tí ń fi agbára kún ìgbì kí ó tó sọ̀kalẹ̀. Búsítà kì í ṣiṣẹ́ láìsí iná, ẹni tí kò bá mọ̀ á sì ṣe kàyéfì pé wáyà iná kankan kò lọ sókè. Inú wáyà áńtẹ́nà kan náà ni iná rẹ̀ ń gbà gòkè: àdápítọ̀ kékeré kan, irú èyí tí a ń fi gba iná sínú fóònù, ló ń fi iná fóòtì 12 ránṣẹ́ sókè láti inú àpótí yẹn, tí ìgbì sì ń gba ọ̀nà kan náà sọ̀kalẹ̀. Nígbà tí kò bá sí iná, búsítà kò ní jókòó lásán kí ó jẹ́ kí ìgbì kọjá. Ó máa ń dínà ni, ìwọ̀nba díẹ̀ tí ó bá sì yọ́ kọjá lára rẹ̀ ni hóró-hóró tí Dàmọ́lá rí ní ọ̀sán.

Mo tọ wáyà àdápítọ̀ náà dé ibi tí ó yẹ kí ó ti wọ iná. Orí rẹ̀ wà nílẹ̀. Nínú ihò tí ó yẹ kí ó wà, fóònù Dàmọ́lá ń jẹ iná níbẹ̀ jẹ́ẹ́jẹ́, ó ti kún dé 96.

Màmá kò sọ̀rọ̀. Wọ́n kàn wo ọmọ náà, wọ́n sì wo fóònù náà. Òun náà bẹ̀rẹ̀ sí í yọ ọ́ pẹ̀lú ìrẹ̀lẹ̀ tí n kò rí lára rẹ̀ rí. Mo ki àdápítọ̀ bọ ihò rẹ̀, iná pupa kékeré tó wà lára àpótí náà tàn, hóró ojú tẹlifíṣọ̀n sì hó yìì lẹ́ẹ̀kan náà bí epo tí omi kán sí. Òjò tí à bá máa bú kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀.

Ó wá ku òpó tí mo yí. Mo fi ẹ̀rọ sílẹ̀ sí ojú ibi tí a ti ń fi ọwọ́ wá, ní orí ìkànnì kan tí mo mọ̀ pé Ìyá Sùkúrá ń wò, mo sì padà sí ẹ̀yìnkùlé. Ní ìgbà yìí, igbe Dàmọ́lá ní ìtumọ̀. Ṣe ni mo ń yí i ní ìwọ̀n ìka kan, mo ń dúró, mo ń tún un yí. Nígbà tí ó ní ó ti mọ́ kedere, mo yí i kọjá ibẹ̀ díẹ̀ títí ó fi tún bẹ̀rẹ̀ sí í bàjẹ́, mo sì dá a padà sí àárín ibi méjèèjì. Mo fi ọ̀dà funfun fa ìlà láti ara òpó dé ara ògiri. Lẹ́yìn gbogbo èyí ni mo tó ní kí Dàmọ́lá tẹ “Auto Search” rẹ̀. Ó rí mẹ́fà.

Màmá ní méje ni wọ́n ń rí tẹ́lẹ̀. Mo ní kí wọ́n ṣe sùúrù, mo sì fẹ́ máa lọ, ṣùgbọ́n wọ́n ní ọ̀kan tí kò sí yẹn gan-an ni àwọn fi ń gbọ́ ìwàásù. Ìyá Sùkúrá ni a tún ránṣẹ́ sí. Wọ́n ní àwọn náà kò rí i láti àná.

Kí n sọ̀rọ̀ díẹ̀ fún àwọn tí tiwọn kò rí bíi ti Màmá. Bí dékódà tí ń lo áńtẹ́nà ilẹ̀ ni ẹ ní, tí ó sì ń sọ pé òun kò rí ìgbì, ẹ wo inú ètò rẹ̀ bóyá iná tí ó ń fi ránṣẹ́ sí áńtẹ́nà wà ní títàn, nítorí pé irú ọ̀ràn búsítà kan náà ni. Bí ó bá jẹ́ pé owó ni ó ń béèrè, ìgbì ti wọlé nìyẹn, ẹ má gun òrùlé nítorí rẹ̀. Bákan náà, ìyípadà sí ìgbì oní-dígítà ti ń lọ ní orílẹ̀-èdè yìí láti ìgbà tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní Jos ní oṣù Kẹrin ọdún 2016, tí ó sì dé Èkó ní oṣù Kẹrin ọdún 2021. Tẹlifíṣọ̀n tí kò bá ní DVB-T2, ìyẹn ohun tí ń gba ìgbì oní-dígítà yìí, nínú kò lè rí ìkànnì irú èyí fúnra rẹ̀, bí a tilẹ̀ ń wá a di ọ̀la. Ẹ wo ara páálí rẹ̀ tàbí ẹ̀yìn rẹ̀ fún àwọn lẹ́tà wọ̀nyẹn kí ẹ tó bínú sí áńtẹ́nà.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé, Màmá tún pè. Wọ́n ní Ìyá Sùkúrá ti ń gbọ́ ìwàásù láti aago mẹ́fà, àwọn kò sì fẹ́ kí Dàmọ́lá fọwọ́ kan rìmóòtù. Mo dúró lórí fóònù, mo sì ń sọ bọ́tìnnì tí wọn yóò tẹ̀ fún wọn níkọ̀ọ̀kan: ibi tí a ti ń fi ọwọ́ wá, kì í ṣe “Auto”, kí wọ́n tẹ ọfà ọwọ́ ọ̀tún, kí wọ́n ní sùúrù. Mo gbọ́ ariwo hóró, lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ orin ìyìn. Mo ní kí wọ́n tẹ ibi tí ó kọ “Save” sí. Wọ́n ní àwọn ti tẹ̀ ẹ́, pé nọ́ḿbà 7 ló wà, kí n sì pè wọ́n padà tí ìwàásù bá parí.